Ọ̀gbẹ́ni Má-Fọwọ́-Kàn-Mí

Gbàràgàdà! Bí àpò eegun ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí olùkọ́ bá dà á sórí tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró kéékèèké á tẹ̀ lé e, kó, kó, kó, bí àwọn eegun ṣe ń yí lu ara wọn, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ó ti pẹ́. Bóyá tábìlì yẹn gan-an ti di igi ìdáná, olùkọ́ náà sì ti di ẹni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí Bàbá Òkè-Òkun lójú oorun lónìí, tí ẹ ní kó sín ìró náà jẹ, á sín in jẹ fún yín, kò ní ṣì í.

Nígbà náà, kò tíì di Bàbá Òkè-Òkun. Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ọ̀kan lára àwọn tí ẹ̀kọ́ kíláàsì máa ń ré kọjá lórí bí afẹ́fẹ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, tí wọ́n ń pè ní yàrá àtúnkọ́. Ibẹ̀ ni irú wọn máa ń lọ lọ́sàn-án, kí olùkọ́ kan lè fara balẹ̀ tún ohun tí wọn ò gbọ́ kọ́ wọn. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Fèrèsé kan, bẹ́ǹṣì mélòó kan, àti àpò eegun màlúù tí olùkọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn alápatà, tó sè, tó sá sóòrùn títí tó fi funfun báláú.

"Ẹ̀yin olórí líle," olùkọ́ á wí, "ẹ yọ ọwọ́ lápò. Ẹni tí ò bá lè to ẹsẹ̀ màlúù, ta ló fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ lé e lọ́wọ́?"

"Sà, màlúù ò sí nínú ìwé tiwa."

"Ìwọ náà ò sí nínú ìwé, síbẹ̀ o léegun lára. Gbé e!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e. Wọ́n á tò ó, á yẹ̀, wọ́n á tún un tò. Nígbà mìíràn, olùkọ́ á ní kí wọ́n di ojú wọn, kí wọ́n fọwọ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ohun tí ìwé ò lè tì wọ agbárí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọ̀nà ọwọ́ ló gbà wọlé. Ó yege. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun, ó sì di ẹni tí ń ya àwòrán eegun ní ọsibítù ńlá kan, níbi tó ti ṣiṣẹ́ títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Bàbá, kí lẹ tún ń fi ẹ̀rọ yà á fún? Ẹ kúkú fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ti ṣẹ́ fún wa."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe àṣìṣe tí a fẹ́ ròyìn yìí láéláé. Ó ṣe é.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ẹ̀ka ti òkè òkun. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń dáwó jọ, tí wọ́n á fi ṣe ohun kan fún iléèwé. Wọ́n ti ṣe géètì. Wọ́n ti ṣe aago ńlá sára ògiri. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lára méjèèjì, gàdàgbà, ẹni tójú ń dùn á kà á láti títì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin tó ń mójú tó yàrá àtúnkọ́ báyìí ló ń pè. Tíṣà Àtúnkọ́ ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é.

"Ẹ káàsán sà, Bàbá Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo kàn ṣàdédé pè yín."

"Ta ní ń bínú? Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn, ẹbí mi ni. Ṣé kò sí?"

"Ó wà díẹ̀ sà. Àwọn ọmọ tó ń wá ti pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, ẹnu nìkan la sì fi ń kọ́ wọn. Ẹnu àti ṣọ́ọ̀kì. Mo ní kí n wá tọrọ ni. Eegun oníke tí wọ́n lè tò, kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Apá rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Ọkàn àti kíndìnrín tó ṣe é là sí méjì. Kì í ṣe èyí tó wọ́n jù o. Kẹ́ ẹ wá máa fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó bá gbó."

"Èyí tó bá gbó? Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ká ra ohun tó máa gbó ni?"

"Bí wọ́n bá ń lò ó bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ gbó sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́.

Pálọ̀ Lọ́yà ni wọ́n ti ṣèpàdé. Lọ́yà yìí, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bíi tiwọn ni, òun ló fi iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ lọ kọ́ òfin, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Akápò wọn ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aránṣọ, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ọsibítù ló ti ń ránṣọ jẹun. Nígbà tí Bàbá ròyìn ohun tí Tíṣà bèèrè tán, Lọ́yà ló kọ́kọ́ fèsì.

"Apá rọ́bà! Níbo la ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára rẹ̀? Ṣé abíyá ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rín in tán?" Ìyá Aránṣọ bi wọ́n. "Obìnrin yẹn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti sọ ohun tó ń fẹ́. Bí oníbàárà bá ní kí n rán síkẹ́ẹ̀tì fóun, tí mo wá rán kóòtù aláràbarà fún un, ìdí ẹ̀ ṣì wà níhòhò."

"Ìyá, ẹ fọ̀rọ̀ ìdí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Lọ́yà wí. "Ohun tójú á rí, tẹ́nu á ròyìn, ló yẹ ẹgbẹ́ wa."

Wọ́n wá yíjú sí alága. Ẹ sì wò ó, ọ̀rọ̀ ti wà nínú Bàbá Òkè-Òkun kí wọ́n tó jókòó. Ó ti rí ère kan nínú ìwé àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ọsibítù, ère èèyàn tó ga tó èèyàn gan-an, tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ṣe é yọ, tó ṣe é dá padà. Ó rẹwà. Láti ọjọ́ tó ti rí i ni ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí i.

"Ẹ jẹ́ ká ra ẹyọ kan tó dára," ló wí. "Kí la fẹ́ máa kó ike kéékèèké jọ fún bí ohun ìṣeré ọmọdé? Ká ra ojúlówó."

"Ẹyọ kan, Alága? Fún gbogbo ọmọ yẹn?"

"Ẹyọ kan tó jẹ́ ojúlówó, Ìyá."

Ibẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí. Wọ́n ra ère náà, wọ́n kan àpótí onígíláàsì fún un, wọ́n fi idẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹrù fẹ́ gbéra, Bàbá fúnra rẹ̀ pe Ọ̀gá Àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ o. Nǹkan olówó iyebíye ni. Mo mọ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má kúrò lọ́dọ̀ yín."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹyinjú la ó ṣe tọ́jú rẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère, wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Àtẹ́wọ́ dún títí. Ère dúró nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí àlejò, wọ́n sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn níwájú pé: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Má-Fọwọ́-Kàn-Mí ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á kí i:

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú ìdúró o! Àwọn kíndìnrín ńkọ́?"

Wọ́n ń fi ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí eré náà ò pa lẹ́rìn-ín. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, ọmọ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bí. Atúrédíò ni ìnagijẹ rẹ̀ nínú ẹbí, torí pé nígbà tó wà ní kékeré, ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n na pàṣán sókè, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ tò ó padà ná. Ó tò ó. Rédíò sọ̀rọ̀. Irin wẹ́wẹ́ kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti jáde, ni bàbá rẹ̀ bá ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá a mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìròyìn ti ń wọlé.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tíì mọ̀, orí rẹ̀ kì í fẹ́ gbà á. Ó ti ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ilé ló ń lọ. Nígbà tí ìdánwò kejì ń sún mọ́lé, ó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà."

"Atúrédíò! Kí lo tún tú?"

"N ò rí nǹkan tú sà, ohun tí mo torí ẹ̀ pè nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Ọ̀gá Àgbà kí wọ́n ṣí gíláàsì yẹn. Kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tíṣà Àtúnkọ́ ní àwọn á dúró tì wá, nǹkan kan ò ní ṣe é."

"Kí lo fẹ́ ṣí i fún? Ṣé gíláàsì bò ó lójú ni? Ohun gbogbo ló kúkú hàn níbẹ̀."

"Iwájú ẹ̀ nìkan ló hàn sà. Mi ò tíì rí ẹ̀yìn ẹ̀ rí. Gbogbo orúkọ wọn ni mo mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́..."

"Ọmọ mi, gbọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣí i nítorí ẹ, wọ́n á ní alága ń ṣojúsàájú fún ọmọ àbúrò ẹ̀. Fojú wò ó dáadáa, kóo gbájú mọ́ ìwé ẹ. Àwa náà kàwé."

"Ó dáa sà. Ẹ ṣeun sà."

Àwa náà kàwé! Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ló gba òun là. Ojú ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ti mọ̀ pé kò jóòótọ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ṣì lè pe ọmọ náà padà nígbà náà. Kò pè é. Ó ní òun á rò ó wò, ó lọ bomi sí òdòdó rẹ̀.

Ìgbà tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló pè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ti délé o."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n gba ìsinmi ni?"

"Rárá o. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ni. Ó ní àwọn tó wá dán wọn wò láti ìta kó nǹkan inú èèyàn tí wọ́n fi ike ṣe sórí tábìlì, wọ́n ní kóun tò wọ́n sáyè wọn lára ère kan tí wọ́n gbé wá. Ó ní apá òsì lòun gbé ẹ̀dọ̀ sí, torí pé apá òsì lòun máa ń rí i nínú gíláàsì."

Bàbá Òkè-Òkun wá ibì kan jókòó. Ọ̀tún ara ni ẹ̀dọ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí ọ, ọ̀tún rẹ̀ ló bọ́ sí òsì rẹ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀dọ̀ sáyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì fọwọ́ kan ìhà ara tirẹ̀ láti fi wé e, kò tún ní ṣì í mọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wòran láti iwájú gíláàsì ńkọ́?

"Kíndìnrín náà," ohùn àbúrò rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, "ó ní òun kà á pé ẹ̀yìn ló ń gbé, ọwọ́ òun ni kò mọ̀nà ibẹ̀."

"Ṣé ó sọ fún ẹ pé òun pè mí?"

"Rárá o. Ṣé ó pè yín ni?"

Bàbá ní ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fò wálé, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ tí kò ti dé ibẹ̀. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan tí kò jẹ́ kó gbé báàgì ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo ọmọ yín o!" Ó nawọ́ sí ère. "Ẹ wo bó ṣe ń dán. Látọjọ́ tó ti dé, kò sí ọwọ́ tó kàn án rí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo máa ń nu gíláàsì ẹ̀."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, bí ọmọ tó pa àṣẹ àgbà mọ́. Bàbá Òkè-Òkun tẹjú mọ́ ère náà. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀, ìfun, gbogbo wọn wà bí wọ́n ṣe bá wọn nínú páálí. Kódà, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn tó ṣe é fi wé ọkàn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó bọ́ ọ.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ló wí. Kí ni ì bá tún wí? Òun ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá àtúnkọ́. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn mìíràn dúró. Tíṣà Àtúnkọ́ ti gbé ọmọkùnrin kan dìde, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo kíláàsì, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì ya kíndìnrín méjì sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Tíṣà, ìyá mi ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí o!"

"Kí ìyá ẹ bi mí. Màá kọ́ àwọn náà ní kíndìnrín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ túká, ó fìdí lé bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà, mo ṣe yín níbi."

"Bàbá, ẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ̀bùn lẹ fún wa."

"Ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi jù. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

Tíṣà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé òótọ́ ló ń bèèrè. Ó nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa sà. Ẹ̀bùn tí kò bá dé ọwọ́ ẹni tí a fún, ẹni tó fúnni ló ṣì ni ín. Ìròyìn ò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, àfojúbà náà ò tó àfọwọ́bà. Abẹ́rẹ́ tí ọmọ kan ò bá fi gún rọ́bà rí, ara aláìsàn ló ti máa kọ́kọ́ gún un. Ṣé irú ẹ̀ la fẹ́?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ère yẹn dára, Tíṣà. Bí wọ́n bá ṣí i ńkọ́, ṣé kò ní tó?"

"Á wúlò gan-an, ẹ bá wa ṣí i. Àmọ́ ẹyọ kan ni. Bí gbogbo kíláàsì bá rọ̀gbà yí ẹyọ kan ká, ta ló máa fọwọ́ kàn án? Àwọn tó gbójú ni. Àwọn tó gbójú kì í sì í ṣe àwọn tó ń wá sí yàrá yìí, Bàbá. Àwọn tó ń wá síbí, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀bẹ̀ fún kéékèèké tó pọ̀."

"Bó bá wá bàjẹ́?"

"Á bàjẹ́ sà. Apá rọ́bà tí abẹ́rẹ́ ti gún yánnayànna, ọmọ tó ti mọ abẹ́rẹ́ í gún ló gún un bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá padà wá tí ẹ rí i pé ó ṣì ń dán, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bi wá pé kí la ń fi ṣe. Ẹ wo iléèwé tó bá ra nǹkan èlò tí kò fi owó àtúnṣe tì í. Kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbẹ̀yìn sí, torí ẹ̀rù á máa ba olùkọ́ pé kó má fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó ń kọ́ni ni kó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí Ọ̀gá Àgbà máa yọjú wá wò bá a ṣe ń lò ó. Ìyẹn là ń pè ní ìtọ́jú. Títì kọ́."

Bàbá ní òun gbọ́. Ó wá bèèrè ohun tó gbé e wá gan-an. "Ọmọ àbúrò mi. Ṣé ẹ rántí rẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Bó bá di ti ìbéèrè àti ìdáhùn, èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn gbọ́n, Bàbá. Lọ́jọ́ tó pè yín, ó padà wá bá mi níbí. Ó ní, 'Tíṣà, Bàbá mi gbìyànjú, wọn ò rọ́nà ẹ̀ ni.'"

Ọmọ náà ti gbèjà rẹ̀. Bàbá Òkè-Òkun fọwọ́ bojú.

"Ó lè padà o," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Òfin gbà á láyè láti tún forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni."

Bàbá lọ wá Atúrédíò. Ọsibítù ló bá a, bó ṣe fẹ́ kó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ọgbà ló wà. Ooru àti òórùn ọṣẹ kún ibẹ̀. Ọmọ náà àti obìnrin kan di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ká a, wọ́n ń pàdé láàárín, wọ́n tún ń pínyà.

"Bàbá mi! Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀."

Wọ́n jáde síta. Ó bèèrè àlàáfíà ara rẹ̀, ó bèèrè ti ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ nílé. Nígbà tí kò rí ohun mìíràn bèèrè mọ́, ó ní, "Wọ́n ní o lè padà."

"Mo gbọ́ sà."

"Kí lo rí sí i?"

Ó ń fa okùn ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò tíì fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá sà. Tí mo bá wọlé, Ọ̀gbẹ́ni yẹn ni mo máa kọ́kọ́ rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Iṣẹ́ ibí náà dáa."

Ohùn kan ké látinú ilé: "Dókítà! Àwọn aláìsàn yín ti ń rùn níbí o! Ẹ wá kó aṣọ wọn!"

"Wọ́n ń bá mi ṣeré ni sà," ló yára sọ.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá gbé wá láti òkè òkun dé ọ̀fun rẹ̀, ó há síbẹ̀. Ó ní kó gba ohun tóun mú wá fún un, kó kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó padà lọ.

Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Nígbà tó ròyìn fún ẹgbẹ́, Lọ́yà ò rí àwàdà kankan ṣe. Ìyá Aránṣọ ò ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Ó kàn ní kí wọ́n pe Tíṣà nísinsìnyí, kí wọ́n gbọ́ ohun tí yàrá rẹ̀ ń fẹ́ lọ́dún yìí, kí wọ́n má sì fi nǹkan kan kún un látọkàn ara wọn. Wọ́n pè é. Wọ́n gbọ́. Bàbá pe Ọ̀gá Àgbà, ó ní kó dárí ji òun fún àṣẹ tóun pa, kó mú kọ́kọ́rọ́ fún Tíṣà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tó ń fowó ṣe ìrànwọ́ fún iléèwé, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí nìyí. Ẹ̀kọ́ àtúnkọ́ kì í ṣe ìjìyà fún olódo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń rí ọ̀nà mìíràn tí ìmọ̀ lè gbà wọlé sí wọn lára, ọ̀nà ọwọ́ sì wà lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n bá bèèrè ni kẹ́ ẹ rà, ì báà má dán lójú. Kó pọ̀ tó kí ọmọ tó ń sá sẹ́yìn náà rí tirẹ̀ mú. Ẹ fi owó àtúnṣe tì í lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé bó bá gbó, ẹ ò ní bínú. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, bí a bá fún yín ní ohun ìkọ́ni, kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ni ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò lówó tó, ẹ má rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Alápatà léegun, káfíńtà ní àjákù igi, ẹ lọ bi olùkọ́ bóyá á wúlò fún un. Bí ọmọ kan bá sì pè yín pé ẹ bá òun ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà. Ìdánwò kì í dúró de àgbà tó ń rò ó wò.

Ní ti Bàbá Òkè-Òkun, ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun, ó kọ ọ́ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà mìíràn ó gùn jù, nígbà mìíràn ó dà bí ẹni ń wá àwáwí. Èyí ló padà fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀:

"Ọmọ mi, wọ́n ti ṣí gíláàsì yẹn láàárọ̀ yìí. Orí tábìlì Tíṣà ni ère náà wà báyìí, ọwọ́ àwọn ọmọ sì ti kàn án. Ìwọ lo kọ́kọ́ bèèrè, èmi ni mi ò gbọ́. Kì í ṣe pé mi ò rọ́nà ẹ̀. Mi ò wá a ni. Má gbèjà mi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá fẹ́ padà, lọ́dún yìí tàbí lọ́dún mìíràn, èmi ni màá san gbogbo rẹ̀. Bí o kò bá sì fẹ́ padà mọ́, mo gbà, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ kọ́ lo kùnà. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."